Ẹ̀jẹ̀ Gba Fírídọ̀mù

Ogún ọdún ni mo fi ṣa gbànja ní Sábó, Ṣágámù.
Bí mo bá gbé obì kan sọ́wọ́, kí n tó là á,
mo ti mọ̀ bóyá kòkòrò wọ̀ ọ́:
á fúyẹ́ díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń purọ́.
Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni mo gbé lóṣù Agẹmọ
tó fúyẹ́,
mo ní ó ń ga ni.

Mọrẹ́nikéjì, ọmọ ọdún mẹ́fà,
tó máa ń sáré ka àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìjọkùn,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lágbedeméjì àtẹ̀gùn.
Ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ kò jiná. Ẹ̀jẹ̀ imú rin ìrọ̀rí.
Dókítà Ọ̀ṣínúgà fi ìka tẹ bébà:
"Ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ló ti ya ìpáǹle."
Jẹjẹrẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀.
Ìyá mi ní irọ́ ni,
jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn ọmọdé, ọmú àgbà ló ń jẹ.

Ọdún méjì, oògùn tó ń pa irun.
Ó lọ. Ó padà.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà:
àwọn sójà ara rẹ̀ ń kọjá lára olè,
wọ́n ń kí i, ẹ kú iṣẹ́ o,
torí aṣọ ilé ló wọ̀.

Mo ta ilẹ̀ Ìpẹ́rù. Mo ta ọkọ̀ tí mo fi ń kó obì.
Àlàájì Gàmbo, tí a jọ jà lórí agbọ̀n mẹ́ta lọ́dún èṣí,
kò bá mi sọ̀rọ̀,
ó kan fi owó sílẹ̀ lábẹ́ ewé gbòdògì.

Ní Íńdíà, ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin,
ó yọ àwọn sójà kéékèèké, ó dá ìyókù padà.
Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ń lọ kọ́ṣẹ́.
Mo ní ó yé mi.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí tí wọ́n mú mi lọ́dọ̀ bàbá mi
lọ bá ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín.
Á gbé obì sójú mi: wò ó. Wò ó sí i.
Títí ojú mi fi rí ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ohun tí wọ́n kọ́ wọn náà nìyẹn:
ilà kan ṣoṣo lójú olè, tí aṣọ ilé kò lè bò.

Wọ́n dé nínú yìnyín, nínú ọ̀rá tó kéré sí ti píọ́ wọ́tà.
Ilẹ̀ lọ, ọkọ̀ lọ, ohun tí mo rà kò kún ife.
Wọ́n dà á sí iṣan rẹ̀. Kò sí ayẹyẹ fírídọ̀mù,
kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ gbàdúrà ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kẹta ara rẹ̀ gbóná bí àdògán.
Kò mọ orúkọ mi mọ́. Ó ń pè mí ní "bùọ̀dá".
Wọ́n ní ariwo ogun ni, kí n fọkàn balẹ̀.
Ta ló ń fọkàn balẹ̀
nígbà tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni pápá ogun?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ó lajú, ó ní òun fẹ́ ọ̀jọ̀jọ̀.
Ní Íńdíà! Níbo ni n ó ti rí ewùrà?
Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé,
ó rò pé ọmọ ti kú.

A ti délé. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń lọ fún àyẹ̀wò.
Dókítà kò sọ pé ó tán. Ó ní, "A kò rí i mọ́."
Alóbì ni mí, mo mọ ìyàtọ̀ wọn.
Mo sì mọ ọmọ kan ní Mákun, bẹ́ẹ̀dì tiwa ni tirẹ̀ kàn.
Bàbá rẹ̀ kò ní ilẹ̀ ní Ìpẹ́rù.
Bí mo bá rí i lọ́nà, mo máa ń wo ibòmíràn.

Lálẹ́ àná, Mọrẹ́nikéjì jókòó tì mí nídìí agbọ̀n.
Ó mú obì kan, ó gbé e sókè sódò,
ó fi sí apá kan.
Mo là á. Kòkòrò.
Mi ò bi í bó ṣe mọ̀.